Thomas More (1478–1535): Adájọ́ tí Ó Kọ̀ Láti Búra fún Ọba

Ní ọdún 1966 ni fíìmù kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ A Man for All Seasons. Fred Zinnemann ni ó darí rẹ̀, Paul Scofield sì ni ó kó ipa ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Oscar ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mẹ́fà ni fíìmù yìí gbà. Orí ìtàgé ni eré náà ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ní ọdún 1960, Robert Bolt tí ó kọ ọ́ sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Thomas More ni ẹni tí ó kọ ìtàn rẹ̀: agbẹjọ́rò, òǹkọ̀wé àti adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n bẹ́ lórí ní ọjọ́ kẹfà oṣù Agẹmọ, ọdún 1535. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ irú ikú tí More kú. Ìwọ̀nba ni ó mọ bí ó ti sapá tó kí ikú náà má baà pa á. Kì í ṣe ẹni tí ó ń wá ikú kiri. Òfin ni iṣẹ́ rẹ̀, abẹ́ òfin ni ó sì sá sí, títí ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo fi fa ibi ìsádi náà ya.

Ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Milk Street, ni a bí i sí ní oṣù Èrèlé, ọdún 1478. Agbẹjọ́rò ni John More, baba rẹ̀, kí òun náà tó di adájọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ St Anthony ni ọmọ náà ti kọ́ èdè Látìnì, tí í ṣe èdè ìmọ̀ àti èdè ìsìn ní Yúróòpù ìgbà náà. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún méjìlá, baba rẹ̀ fi í sí ilé John Morton, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, kí ó máa gbé ibẹ̀ kí ó sì máa jíṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn àgbà ti ń fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ẹni iyì kí ó lè mọ ìwà á hù kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ọmọdé náà a máa gbé oúnjẹ fún àlejò, a sì máa gbọ́ bí àwọn ènìyàn ńlá ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú, nítorí Morton yìí kan náà ni Lord Chancellor, ìyẹn ẹni tí òǹtẹ̀ ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń ṣe adájọ́ àgbà. Morton ni ó rán an lọ sí Oxford. Kò lò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ níbẹ̀ tí baba rẹ̀ fi pè é padà wá kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì wọ Lincoln's Inn ní ọdún 1496.

Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì ní àkókò yìí. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni ó fi ń gbé nítòsí àwọn mọ́ńkì Charterhouse ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń bá wọn gbààwẹ̀, tí ó ń bá wọn gbàdúrà, tí ó sì ń rò ó bóyá kí òun náà fi ayé sílẹ̀. Ìgbéyàwó ni ó yàn níkẹyìn. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni ó ń wọ ẹ̀wù onírun tí ó ń gún ni lára sábẹ́ aṣọ iyì, Margaret ọmọ rẹ̀ ni ó sì máa ń bá a fọ ẹ̀wù náà ní ìkọ̀kọ̀.

Margaret yìí ni àkọ́bí. Jane Colt tí More fẹ́ ní ọdún 1505 ni ó bí i, pẹ̀lú Elizabeth, Cecily àti John. Jane kú ní ọdún 1511, kò sì pẹ́ rárá tí More fi fẹ́ opó kan tí ń jẹ́ Alice Middleton kí àwọn ọmọ náà lè rí ẹni tọ́jú wọn. Ohun tí ó ṣe nínú ilé yìí yẹ ní àfiyèsí àwọn olùkọ́. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ìwé kò yẹ obìnrin, More gba olùkọ́ sílé, ó sì mú kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kọ́ Látìnì àti Gíríìkì bí ọmọkùnrin ti ń kọ́ ọ. Bí ó bá wà lẹ́nu ìrìn-àjò, lẹ́tà tí wọ́n fi èdè Látìnì kọ ni ó ń retí lọ́dọ̀ wọn. Erasmus, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Yúróòpù, jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ìdílé náà. Margaret sì gbọ́ Látìnì débi pé ó túmọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní ọdún 1515 ni wọ́n rán More lọ sí Flanders lórí ọ̀rọ̀ òwò. Ìrìn-àjò yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tí ó sọ ọ́ di ẹni àpéwò, Utopia, tí wọ́n tẹ̀ ní Louvain ní ọdún 1516. Erékùṣù tí kò sí níbì kankan ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀: wọn kì í ná owó níbẹ̀, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, wọn kì í sì í fi agbára mú ẹnikẹ́ni yí ìsìn rẹ̀ padà. Àmọ́ apá kìn-ín-ní ìwé náà ni ó kan ìgbésí ayé òǹkọ̀wé jù. Àríyànjiyàn ni ó wà níbẹ̀, lórí bóyá ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n lọ máa ṣe olùdámọ̀ràn ọba. Arìnrìn-àjò tí ó ń ròyìn erékùṣù náà kò gbà, nítorí lójú tirẹ̀, ọba kì í fẹ́ gbọ́ òótọ́. Èkejì rẹ̀, tí More fún ní orúkọ ara rẹ̀, dáhùn pé bí ènìyàn kò bá lè sọ ohun tí ó burú di rere, ó lè mú kí búburú rẹ̀ dínkù. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tí More wọ iṣẹ́ ọba. Ó pa ìmọ̀ràn arìnrìn-àjò rẹ̀ tì. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣẹ mọ́ ọn lára.

Henry Kẹjọ kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1509. Ó fẹ́ràn ìwé, ó fẹ́ràn orin, ó sì fẹ́ràn More. A máa pè é lóru láti jọ gun òkè ilé lọ wo ìràwọ̀. A máa bẹ̀ ẹ́ wò láìròtẹ́lẹ̀ nílé rẹ̀ ní Chelsea, létí odò Thames. Ọjọ́ kan wà tí ọba fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn bí wọ́n ti jọ ń rìn nínú ọgbà fún odindi wákàtí kan. Inú William Roper, ọkọ Margaret, dùn púpọ̀ sí ohun tí ó rí. More gbà pé ọba fẹ́ràn òun, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún àna rẹ̀ pé bí orí òun bá lè gba ilé olódi kan ṣoṣo fún ọba nílẹ̀ Faransé, orí náà kò ní pẹ́ lọ. Ẹni tí ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ọ̀nà ṣì ń là fún un kò ṣi ọba mọ̀.

Ọ̀nà sì là fún un lóòótọ́. Wọ́n fi í joyè ní ọdún 1521. Ní 1523, ó di Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kékeré, ó sì bẹ ọba pé kí ó jẹ́ kí ọmọ ilé lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ láìbẹ̀rù ìbínú ọba. Ní oṣù Ọ̀wàwà 1529, lẹ́yìn ìṣubú Kádínà Wolsey, ó gba òǹtẹ̀ ọba, ó di Lord Chancellor. Baba rẹ̀, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣì wà lórí àga ìdájọ́ nínú ilé-ẹjọ́ mìíràn lábẹ́ òrùlé gbọ̀ngán Westminster kan náà. Bí Lord Chancellor bá ń kọjá lọ sí kóòtù tirẹ̀, yóò kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, yóò sì kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé gba ìre rẹ̀. Ní ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tí ó rí i fi kàn án. Opó kan tí ó jàre lọ́wọ́ rẹ̀ kó ogójì pọ́n-ùn owó wúrà sínú ìbọ̀wọ́ fún un lọ́dún tuntun. More gba ìbọ̀wọ́, ó ní kò yẹ kí òun kọ ẹ̀bùn obìnrin, ó sì da owó padà fún un.

Ọ̀rọ̀ tí ó ba ilé jẹ́ ti wà nílẹ̀ kí ó tó gba oyè náà. Arthur, ẹ̀gbọ́n ọba, ni ó kọ́kọ́ fẹ́ Catherine, ọmọ ọba ilẹ̀ Sípéènì. Arthur kú ní ọdún 1502, Henry sì ṣú u lópó ní 1509. Yorùbá kò rí ohun àjèjì nínú opó ṣíṣú, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni lábẹ́ òfin ìjọ àfi bí Póòpù bá yọ̀ǹda, Póòpù Julius Kejì sì ti yọ̀ǹda. Nínú gbogbo ọmọ tí Catherine bí, Mary nìkan ni ó dàgbà. Ọba ń wá ọmọkùnrin tí yóò jogún ìtẹ́, ojú rẹ̀ sì ti wà lára Anne Boleyn. Ó wá tọ́ka sí Ìwé Léfítíkù pé ìgbéyàwó náà kò bófin mu láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé Póòpù kò ní àṣẹ láti yọ̀ǹda rẹ̀. Póòpù Clement Keje kò tú u ká. Bí ó tilẹ̀ fẹ́ tú u ká, Charles Karùn-ún, tí Catherine jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti kó ìlú Róòmù ní ọdún 1527. Ọba béèrè èrò More. More sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé òun kò lè gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọba ṣèlérí pé òun kò ní yọ ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lẹ́nu.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí fíìmù náà kò dé. Ní ọdún 1526 ni William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Tuntun tí ó túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Jámánì, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó o wọlé ní bòókẹ́lẹ́. More rí nínú iṣẹ́ yìí ẹ̀kọ́ àdámọ̀ tí yóò tú ìjọ ká, ó sì kọ ìwé ńláńlá takò ó, pẹ̀lú èébú tí kò yẹ ẹnu ọ̀mọ̀wé. Kò dúró lórí ìwé nìkan. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n dáná sun nítorí ìgbàgbọ́ wọn ní ìgbà tí ó wà lórí oyè, ó lọ́wọ́ nínú dídọdẹ mélòó kan nínú wọn, kò sì fìgbà kankan kábàámọ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ayé ìgbà náà ti rí nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó kọ Utopia, tí ó sì fi hàn nínú rẹ̀ pé òun lè fojú inú rí ayé mìíràn. Àwọn tí wọ́n jóná náà ní ẹ̀rí-ọkàn. Lójú More, ẹ̀rí-ọkàn kì í ṣe ohun tí ó bá ṣáà ti wu ẹnì kan. Ó gbọ́dọ̀ bá ohun tí gbogbo ìjọ ti ń gbà gbọ́ láti ayébáyé mu. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò ka ikú rẹ̀ sí ikú ajàfómìnira ẹ̀sìn, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Èbìbí, ọdún 1532, àwọn bíṣọ́ọ̀bù túúbá fún ọba, wọ́n gbà pé ìjọ kò ní ṣe òfin kankan mọ́ láìgba àṣẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì More dá òǹtẹ̀ padà, ó ní àyà ń dun òun. Kò sọ ìdí mìíràn. Lọ́jọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e ni ó tó fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ fún Alice. Tẹ́lẹ̀, ìránṣẹ́ ni ó máa ń wá sọ fún aya náà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀gá ti jáde lọ. Lọ́jọ́ náà More fúnra rẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, ó ní ọ̀gá ti lọ. Kò yé Alice lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ó yé e, kò bá a rẹ́rìn-ín. Owó tí ń wọlé já wálẹ̀, More sì wá iṣẹ́ síbòmíràn fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Anne Boleyn di ayaba. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta fi ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí More kí ó fi ra ẹ̀wù tí yóò wọ̀ lọ síbi ìwúyè rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Òkúdù, ọdún 1533. Ó gba owó náà, ó sì jókòó sílé. Wọn kò gbàgbé àìlọ yìí fún un.

Nígbà tí ó di ọdún 1534, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin pé àwọn ọmọ Anne ni yóò jogún ìtẹ́, kí gbogbo àgbà ilẹ̀ náà sì búra sí i. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Igbe, wọ́n pe More sí Lambeth. Ó ka òfin, ó ka ìbúra, ó fi wọ́n wé ara wọn bí agbẹjọ́rò ti ń ṣe. Ó ní òun gbà kí Ilé Aṣòfin yan ẹni tí yóò jọba, òun sì lè búra sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbúra tí wọ́n gbé ka iwájú òun kó ohun mìíràn mọ́ ọn, tí ó sọ àṣẹ Póòpù di asán, òun kò sì lè búra sí i láìpa ọkàn òun lára. Wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Kò sọ. Wọ́n fi orúkọ àwọn tí ó ti búra hàn án. Ó ní òun kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n tì í mọ́ inú Ilé Ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ọ̀nà òdìkejì òwe yìí ni More gbà. Ó mọ̀ pé lábẹ́ òfin, ẹni tí ó dákẹ́ ni a kà sí ẹni tí ó gbà. Bí òun kò bá sọ pé òun kò gbà, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan òun. Ẹ̀wọ̀n ni ìyà àìbúra, kì í ṣe ikú. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọba, kò sọ ọ́ fún aya, kò sọ ọ́ fún Margaret pàápàá, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ipá gba ẹ̀rí lẹ́nu wọn.

Ilé ni ó ti gba ìdánwò tí ó le jù. Margaret ti búra ní tirẹ̀, ó fi kún un pé níwọ̀n bí òfin Ọlọ́run bá ti gbà á láyè, ó sì wá bẹ baba rẹ̀ pé kí ó ṣe bí àwọn ọlọ́gbọ́n tí ó kù ti ṣe. Alice bi í léèrè ìdí tí ọlọ́gbọ́n bí tirẹ̀ yóò fi jókòó láàárín eku nígbà tí ó ní ilé, ìwé àti ọgbà ní Chelsea. Kì í ṣe òmùgọ̀ obìnrin ni Alice. Ṣílè 15 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oúnjẹ More àti ìránṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń ta aṣọ ara rẹ̀ láti rí i san. More kò bínú sí èyíkéyìí nínú wọn. Ó kọ ìwé kan lórí ìtùnú nínú ìpọ́njú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, èédú ni ó fi ń kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀.

Kí ọdún 1534 tó parí, òfin méjì mìíràn jáde. Èkíní sọ ọba di olórí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì sọ ọ́ di ikú fún ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu, pẹ̀lú èrò ibi, du ọba ní oyè náà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Èbìbí, ọdún 1535, More àti Margaret dúró lójú fèrèsé wọ́n ń wo àwọn olórí mọ́ńkì Charterhouse mẹ́ta bí wọ́n ti ń mú wọn lọ síbi tí wọn yóò ti pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni olórí ilé tí More ti bá wọn gbàdúrà nígbà èwe rẹ̀. John Fisher, Bíṣọ́ọ̀bù Rochester, ni ó tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Òkúdù. More ṣì dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Òkúdù yẹn, ṣáájú ikú Fisher, wọ́n ti rán Richard Rich, agbẹjọ́rò ọba, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn láti lọ kó ìwé More. Bí àwọn méjì náà ti ń di ìwé sínú àpò, Rich bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fa ọ̀rọ̀ òfin bí agbẹjọ́rò méjì ti máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ More dé gbọ̀ngán Westminster ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Agẹmọ, Rich búra pé More sọ níbi ọ̀rọ̀ náà pé Ilé Aṣòfin kò lè fi ọba ṣe olórí ìjọ. More ní irọ́ ni. Ó bi wọ́n bóyá ó bá ọgbọ́n mu pé ọ̀rọ̀ tí òun kò sọ fún ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni òun yóò sọ fún ẹni tí òun mọ̀ ní aláìnílàákàyè láti kékeré. Wọ́n pe àwọn méjì tí ó di ìwé. Wọ́n ní àwọn kò fi etí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú àwọn tí ó jókòó ṣe ìdájọ́ ni baba Anne Boleyn, arákùnrin rẹ̀ àti Duke Norfolk tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí wọ́n tó dá a lẹ́bi.

Lord Chancellor tuntun, Thomas Audley, ti ń ka ìdájọ́ bọ̀ nígbà tí More rán an létí pé nígbà tí òun wà lórí àga náà, a máa ń bi ẹlẹ́bi bí ó bá ní ohun tí yóò sọ. Ìgbà yìí ni ó tó la ẹnu. Ìdákẹ́ kò ní iṣẹ́ tí yóò ṣe mọ́. Ó ní kò sí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kan tí ó lè ṣe òfin tí ó tako ti gbogbo ìjọ Kristi, bí ìlú Lọ́ńdọ̀nù nìkan kò ti lè ṣe òfin tí yóò tako ti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú eré Bolt, Rich jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá ipò lọ́dọ̀ More, More sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ ṣe olùkọ́. Rich kò fẹ́. Ta ni yóò gbọ́ orúkọ òun níbẹ̀? Àròsọ ni ìran yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ olùkọ́ láti inú. Ó tún mọ ohun mìíràn. Ní ọdún 1961, wọ́n sọ Bolt sí ẹ̀wọ̀n oṣù kan nítorí ìwọ́de lòdì sí ohun ìjà átọ́míìkì, nígbà tí ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, aṣefíìmù tí ó gbé iṣẹ́ Lawrence of Arabia lé e lọ́wọ́ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ má baà dúró. Ọdún kan ṣáájú ni eré rẹ̀ nípa ẹni tí kò fọwọ́ sí i ti dé orí ìtàgé. Ìfọwọ́sí náà dùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí wọ́n ti ń mú More padà láti ilé-ẹjọ́, Margaret la àárín àwọn ọmọ ogun kọjá, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn lójú gbogbo èrò. Ó ti kúrò tán kí ó tó tún sáré padà dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù Agẹmọ, wọ́n wá sọ fún un pé ọba ti sọ ìyà rẹ̀ di orí bíbẹ́ nìkan, kí ó má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àtẹ̀gùn ibi ìpànìyàn ń mì. Ó bẹ ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ó ran òun lọ́wọ́ gùn ún, ó ní ní ti bíbọ̀ wálẹ̀, òun yóò wá ọgbọ́n rẹ̀ dá. Ó sọ fún àwọn èrò pé ìránṣẹ́ rere fún ọba ni òun kú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni òun kọ́kọ́ jẹ́ ìránṣẹ́ fún.

Anne Boleyn tẹ̀ lé e lọ́nà kan náà ní oṣù Èbìbí, ọdún 1536. Thomas Cromwell, tí ó ṣètò ẹjọ́ náà, kò kọjá 1540. Rich ni ó pẹ́ láyé: ó di Lord Chancellor ní 1547, orí ibùsùn rẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1567. Ìjọ Àgùdà kéde More ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1935, ní ọdún 2000 sì ni Póòpù John Paul Kejì fi í ṣe alábòójútó àwọn òṣèlú.

Wọ́n fi orí rẹ̀ kọ́ sórí afárá Lọ́ńdọ̀nù fún bí oṣù kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ sódò, Margaret fún ẹni tí ń ṣọ́ afárá lówó, ó sì gbé orí baba rẹ̀ lọ. Wọ́n pè é wá síwájú ìgbìmọ̀ ọba nítorí rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹja jẹ ẹ́ ni. Inú ibojì ìdílé Roper, ní ìjọ St Dunstan ní Canterbury, ni orí náà wà títí di òní.